Lẹ́tà Gbangba sí Gómìnà Ìpínlẹ̀ Ògùn àti Iléeṣẹ́ Rélùwéè: Ẹ Má Jẹ́ Kí Tésàn Olókèméjì Di Àlòkù Irin

Ẹ̀yin ọlọ́lá jùlọ, a kí yín, a yíká ọ̀tún, a yíká òsì.

Àwa ọmọ Yorùbá tí à ń gbé ní Manchester la kọ̀wé yìí o. Kẹ́nikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ orí fóònù ni: alága wa ẹnjiníà ni, igbákejì rẹ̀ ti ṣe ọ̀gá ilé ìwé l'Ábẹ́òkúta kó tó wá síbí, akọ̀wé wa lọ́yà ni, nọ́ọ̀sì inú ẹgbẹ́ ò lóǹkà, owó tí à ń fi ránṣẹ́ sílé náà, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Ìròyìn àwọn tí wọ́n tún mú pé wọ́n ń gé irin rélùwéè tà ló bí wa nínú. Ojú irin Olókèméjì yẹn, láàrin Abẹ́òkúta sí Ìbàdàn, òun náà ni MacGregor, Gómìnà Èkó nígbà náà, ṣí dé Ìbàdàn lóṣù kẹta 1901, tó sì dé Kánò ní 1912. Àwọn àgbà wa rántí dáadáa: ojú irin kan péré ló wà, kí ọkọ̀ méjì má baà forí sọra, dírẹ́bà ò gbọdọ̀ gbéra àyàfi tí tésàn másítà bá na irin àṣẹ sí i lọ́wọ́, kó tó gbà á àwọn ìyá oníṣu ti pé sẹ́nu fèrèsé. Rélùwéè tuntun tí wọ́n ṣí ní 2021 dúró ní Olódò àti Òmì-Àdìó, kò dúró ní Olókèméjì. Ó dùn wá, ṣùgbọ́n a gbà.

Nǹkan kan ṣoṣo là ń bẹ̀bẹ̀ fún: ẹ fa tésàn náà lé ará ìlú lọ́wọ́ kí wọ́n sọ ọ́ di mùsíọ̀mù. Tésàn 1830 tó wà ní Manchester níbí, wọn ò wó o, inú mùsíọ̀mù ló wà. Ẹ ò sì ní sọ pé ti òyìnbó nìyẹn, Jaekel House, ilé rélùwéè àtijọ́ tí wọ́n kọ́ ní 1898 l'Ébùtè Mẹ́tta ńkọ́, ṣé wọn ò tún un ṣe ni? Ẹ má sì tún ti ẹjọ́ sí Àbújá, látìgbà tí wọ́n ti tún òfin ṣe ní 2023, rélùwéè kì í ṣe ti ìjọba àpapọ̀ nìkan mọ́.

A ti kọ̀wé rí, ọ́fíìsì kan tá ò ní dárúkọ ò tiẹ̀ sọ pé òun rí i. Tí wọ́n bá ń wá pọ́n-ùn fún ìdìbò, wọ́n mọ nọ́ńbà wa o!

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa lórúkọ ẹni kan tá a máa bá sọ̀rọ̀, kí òjò tó dé.

Àwa ni tiyín,
Ìgbìmọ̀ Ẹgbẹ́