Lẹ́tà ẹ̀sùn: táyà Hilux mẹ́rin tí ẹ tà fún wa, àti ìbéèrè kan tí ẹ kò dáhùn

Sí Máníjà Àgbà,
Ẹ̀ka Ìtajà Táyà,
Èkó.

28 Oṣù Kẹrin, 2025

Ọ̀gá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Lẹ́tà kẹta tí mo ń kọ sí ilé iṣẹ́ yín lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nìyí. Ẹ kò fèsì sí méjì ìṣáájú. Mo ti pe kọ́sítọ́mà kéà yín lẹ́ẹ̀mọ́kànlá, mo sì ti fẹsẹ̀ ara mi wá sí ṣọ́ọ̀bù yín lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ̀dà rìsíìtì wà lọ́wọ́ yín, nọ́ńbà ẹ̀sùn tí ẹ fún mi wà nínú kọ̀ǹpútà yín, nítorí náà n kò ní ka ìtàn táyà mẹ́rin tí a rà ní 14 Oṣù Kìíní fún yín mọ́. Pé ọ̀kan nínú wọn bẹ́ ní 4 Oṣù Kẹta dùn mí, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ yín ti fojú wa rí láti ọjọ́ náà ló gbé mi dé ibi tí mo dé yìí.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí ọmọkùnrin tó gbé fóònù bẹ̀rẹ̀. Mo ní táyà ẹ̀yìn lápá ọ̀tún bẹ́ nítòsí Ogere, pé ojú táyà náà ló ṣí kúrò lódindi. Kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ lọ kọ́ dẹrẹba yín bí wọ́n ṣe ń wakọ̀." Ó sì pa fóònù mọ́ mi lẹ́nu.

Dẹrẹba tó bú yẹn ló kó èèyàn mẹ́ta yọ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí táyà bẹ́, kò fọwọ́ kan ohun mìíràn, sítíárìn ló dì mú ṣinṣin. Kò tẹ bíréèkì. Ó rọra dáwọ́ iná títẹ̀ dúró, ó jẹ́ kí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ dín eré kù, ìgbà tó wá ń rìn wọ́ọ́rọ́wọ́ ló tó yà sí ẹ̀gbẹ́ títì. Ẹni tó bá mọ pikọ́ọ̀pù á mọ ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ tó ga ni, ìdí rẹ̀ sì fúyẹ́ bí kò bá sí ẹrù púpọ̀ nínú agbọ̀n rẹ̀. Bí táyà ẹ̀yìn bá bẹ́ lórí eré tí èèyàn sì tẹ bíréèkì gbì, ìdí ọkọ̀ á yọ, á fẹ́ gba iwájú, ibẹ̀ ló sì ti máa ń gbókìtì. Ọkùnrin tó mọ èyí, tó sì rántí rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì, kò yẹ lẹ́ni tí ọmọ tó jókòó sídìí ẹ̀rọ amúlétutù yóò máa bú.

Eré tí wọ́n sì fẹ̀sùn rẹ̀ kàn án náà, mo ti fi àkọsílẹ̀ tírákà ránṣẹ́ sí yín lẹ́ẹ̀mejì. 88 km/h ló wà níbẹ̀. Kò dé 100 tí òfin fi ṣe òpin fún ọkọ̀ kéékèèké lọ́nà márosẹ̀. Lẹ́tà S ló wà lára táyà náà, lẹ́yìn nọ́ńbà 112. S yẹn túmọ̀ sí 180 km/h. 112 túmọ̀ sí pé táyà kan lè gbé 1,120 kg. Mo mọ̀ pé iye wọ̀nyí kì í dúró bí afẹ́fẹ́ kò bá pé tàbí bí ẹrù bá pọ̀ jù, n kò sì ní kí ẹnikẹ́ni sá 180 lórí Hilux. Àmọ́ táyà tó yẹ ní títà kò gbọdọ̀ ṣí lójú ní 88, ọ̀sẹ̀ méje péré lẹ́yìn tí a rà á.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ eré kò múlẹ̀ mọ́, wọ́n yí i sí afẹ́fẹ́. Máníjà ṣọ́ọ̀bù ní a kò fọ́n ọn tó. Mo fi ìwé tí a fi ń kọ afẹ́fẹ́ táyà sílẹ̀ láràárọ̀ hàn án: géèjì tiwa la fi ń wọ̀n ọ́n, kí ọkọ̀ tó rìn rárá, nígbà tí táyà ṣì tutù. 36 psi ló wà lẹ́yìn láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kò wo ìwé náà. Mo wá ní kó jẹ́ ká jọ wo inú táyà náà fúnra rẹ̀, torí pé táyà kì í parọ́. Bí afẹ́fẹ́ bá dín kù fún ìgbà pípẹ́, ẹ̀gbẹ́ táyà á máa ká lulẹ̀, inú rẹ̀ á ha yíká bí òrùka dúdú, ẹ óò sì bá rọ́bà tó ti kúnná bí àtíkè nínú rẹ̀. Inú táyà wa mọ́ tónítóní. Òrùka kankan kò sí, eruku rọ́bà kò sí. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì le, etí tó jókòó sórí rímù kò ya. Ojú táyà nìkan ló ti ṣí bí èèpo ọsàn pẹ̀lú ìpele wáyà irin òkè, ìpele wáyà ìsàlẹ̀ sì wà níta. Nígbà tí mo fi ìka ra ibi tí wáyà méjèèjì ti lẹ̀ mọ́ra tẹ́lẹ̀, ó ń dán ni, kò rí gbágungbàgun bí rọ́bà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ya. Ohun tó ń dán bẹ́ẹ̀ ti ń yọ́ ya díẹ̀díẹ̀, ó ti ń ra ara wọn láti ọ̀pọ̀ ọjọ́ kó tó bẹ́.

Kí ló lè fa èyí? Ẹ̀yin tí ẹ ń tà á mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tí táyà bá yí ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń tẹ̀ tó sì ń nà, ìyẹn ló ń mú ooru wá. Táyà 265/65R17 bíi tiwa ń yí tó ìgbà 600 ní ìṣẹ́jú kan bí ọkọ̀ bá wà lórí 88. Bó bá dé 120, ó ti lé ní 800. Èjìká táyà, níbi tí etí wáyà méjèèjì parí sí, ni ooru ti ń mú jù. Bí rọ́bà ibẹ̀ bá ṣì rọ̀, á máa fà, á máa bọ̀. Bó bá ti gbó, tó ti gan, á là, ìlà náà á sì máa rìn lábẹ́ ojú táyà láìsí ẹni tó rí i.

Èyí ló sì mú mi dé ọ̀dọ̀ ìyá tó wà lórí káúntà yín. Èmi fúnra mi ni mo wọ abẹ́ ọkọ̀ kejì tí ẹ wọ méjì nínú táyà náà fún. Mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo nu ẹrẹ̀ kúrò, mo sì rí nọ́ńbà mẹ́rin inú àpótí kékeré lẹ́yìn lẹ́tà DOT: 2218. Ọ̀sẹ̀ kejìlélógún ọdún 2018 ni wọ́n ṣe é. Mo wo ìkejì, 2218. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni. Ọjọ́ tí a fowó rà wọ́n, wọ́n ti lé ní ọdún mẹ́fà àtààbọ̀. SON, àjọ tó ń rí sí ojúlówó ọjà, àti Road Safety ń kọ́ àwọn awakọ̀ nílẹ̀ yìí pé táyà kò gbọdọ̀ lé ní ọdún 4. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni nọ́ńbà ọjọ́ yìí sábà máa ń wà lódindi, ọmọ iṣẹ́ yín sì kọ ẹ̀gbẹ́ yẹn sínú ní táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí ẹni tó dúró níta kò fi lè rí i. N kò lè búra pé ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n mẹ́rin nínú mẹ́rin ni.

Nígbà tí mo sọ èyí fún ìyá náà, ó ní irun ara táyà, ìyẹn rọ́bà tínínrín tó máa ń yọ lára táyà tuntun, ṣì wà, pé táyà tí kò rìn rí kì í gbó. Màmá náà bọ̀wọ̀ fún mi o, kò bú mi, ṣùgbọ́n ohun tó sọ lè pa èèyàn. Irun ara táyà fi hàn pé kò tíì rìn ni, kò sọ ọjọ́ orí rẹ̀. Atẹ́gùn ń wọ inú rọ́bà bó wà nínú sítọ́ọ̀, ooru abẹ́ páànù sì ń mú un yá. Ojú rẹ̀ lè ga bí tuntun, kí ibi tí wáyà ti pàdé ti gan. Mo sì tún béèrè bóyá ńṣe ni wọ́n kó wọn wọlé, tí wọ́n ki táyà kan sínú òmíràn, torí mo rí ibi tí etí ọ̀kan tẹ̀. Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn.

Ní 11 Oṣù Kẹta, ẹ ní kí n gbé táyà tó bẹ́ wá, pé àwọn onímọ̀ yín yóò yẹ̀ ẹ́ wò, pé èsì á jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Mo gbé e wá. Olùtọ́jú sítọ́ọ̀ yín fọwọ́ sí ìwé pé òun gbà á. Ọ̀sẹ̀ méjì pé, wọ́n ní kí n pe lọ́la. Mo pe lọ́la, wọ́n ní ọ̀gá kò sí nítòsí. Ní 16 Oṣù Kẹrin, ẹnì kan sọ fún mi lórí fóònù, láìbẹ̀bẹ̀, pé àwọn kò rí táyà náà mọ́. Ọ̀gá mi, báwo ni táyà tó ga tó ìbàdí èèyàn ṣe ń sọnù nínú sítọ́ọ̀ tó ní ẹ̀ṣọ́? Fọ́tò mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n wà lọ́wọ́ mi, inú, ìta, àti nọ́ńbà 2218 náà, mo sì ya ìwé tí òṣìṣẹ́ yín fọwọ́ sí pẹ̀lú.

Èyí tó burú jù ni àtẹ̀jíṣẹ́ WhatsApp tí kọ́sítọ́mà kéà yín fi ránṣẹ́ sí àwọn dẹrẹba wa, pé kí wọ́n dín afẹ́fẹ́ kù sí 28 torí oòrùn Èkó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fa ọ̀rọ̀ yẹn padà lónìí. Òótọ́ ni pé afẹ́fẹ́ ń wú bí táyà bá gbóná: 36 àárọ̀ lè di 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn wákàtí kan lórí títì. Àwọn tó ṣe táyà ti ro ìyẹn mọ́ ọn. Ẹni tó bá jò ó kúrò nígbà tó gbóná, tàbí tó dín in kù ṣáájú, ń mú kí ẹ̀gbẹ́ táyà tẹ̀ sí i, ooru á sì pọ̀ ju èyí tó ń sá fún lọ. Iye tó wà lórí sítíkà ẹnu ilẹ̀kùn dẹrẹba ni kí èèyàn tẹ̀lé, kó lo ti ẹlẹ́rù bó bá kó ẹrù. Ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2000, nígbà tí Firestone tó ń ṣe táyà kó táyà bíi mílíọ̀nù 6.5 padà nítorí ojú táyà tó ń ṣí, ara ohun tí òun àti Ford jà lé lórí ni 26 psi tí Ford ní kí wọ́n fọ́n sí ọkọ̀ Explorer rẹ̀, nígbà tí Firestone ń sọ 30. Ẹ̀mí tó bá a lọ kò kéré. Ẹ̀yin sì ń fi 28 ránṣẹ́ sí dẹrẹba tó ń gbé ẹrù lọ Ìbàdàn lórí táyà tó ti gbó!

Ohun tí mo fẹ́ kò le. Ẹ dá owó táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti owó iṣẹ́ wíwọ̀ wọn padà láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje sí ọjọ́ tí ẹ bá gba lẹ́tà yìí. N kò fẹ́ pàṣípààrọ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ sì fọwọ́ sí i, ọdún tí wọ́n ṣe àwọn táyà náà àti ìdí tí ẹ fi tà wọ́n bíi tuntun. Ẹ pe gbogbo ẹni tó ra 2218 lọ́dọ̀ yín kí wọ́n yọ ọ́. Orúkọ wọn wà lórí rìsíìtì yín. Èyí ló ń jẹ́ kí n má sùn, torí ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíràn wà lórí ọ̀nà Ṣágámù báyìí pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀. Kí ọmọkùnrin tó pa fóònù mọ́ mi lẹ́nu sì pe dẹrẹba wa, kó bẹ̀ ẹ́.

Bí ọjọ́ méje bá pé láìsí ìwé lọ́wọ́ mi, mo ń gbé gbogbo fọ́tò, àkọsílẹ̀ tírákà àti àtẹ̀jíṣẹ́ yín lọ sí FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà, lábẹ́ òfin ọdún 2018 tó dá a sílẹ̀, àti sí SON pẹ̀lú àdírẹ́sì sítọ́ọ̀ yín. Lọ́yà wa ti ka lẹ́tà yìí kí n tó fi ránṣẹ́.

A ti yọ táyà mẹ́ta tó kù, wọ́n wà ní ọgbà wa, mo ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọjọ́ sí wọn lára. Ẹ lè wá kó wọn nígbàkigbà tí ẹ bá gbé táyà kẹrin wa dání.

Èmi ni tiyín,
Alábòójútó Ọkọ̀