Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Ọmọ Tó Ń Kọ́ Fèrè Jọ Ṣe Orin Láti Ọjọ́ Kìn-ín-ní

Sí Olóòtú,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo òǹkàwé yín nílé lóko. Olùkọ́ orin ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan nílùú Àkúrẹ́, ohun tí ó sì mú mi kọ̀wé yìí ni bí a ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ohun-èlò orin sọ́wọ́. Ó dá mi lójú pé ìdí tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń sá fún un kí sáà kan tó parí ni pé a kì í jẹ́ kí wọ́n jọ ṣe orin, áńbọ̀sì kí wọ́n fúnra wọn ṣẹ̀dá rẹ̀.

Ohun tí èmi náà ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún nìyí: ọmọ 60 nínú kíláàsì, fèrè rekọ́dà mẹ́wàá nínú àpótí, ìlà márùn-ún tí a ń kọ àmì orin sí lójú pátákó. Ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan yóò kọjá tí àwọn ọmọ yóò máa da àmì orin kọ sínú ìwé, tí ẹnikẹ́ni kò sì tíì fi ẹnu kan fèrè. Nígbà tí àkókò fífọn bá wá dé, màá pe ọmọ kan síwájú, fèrè yóò han gooro, àwọn tó kù yóò bú sẹ́rìn-ín, ọmọ náà yóò sì padà lọ jókòó pẹ̀lú ìpinnu pé orin kì í ṣe tòun. Ó dùn mí títí dòní pé mo fi irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ lé àwọn ọmọ kan kúrò nídìí orin.

Àwọn onílù wa kì í kọ́ ọmọ báyẹn. Bí ọmọ Àyàn bá ti lè di kọ̀ǹgọ́ mú, kì í ṣe ìyáàlù ni wọn yóò gbé kọ́ ọ lọ́rùn. Omele tàbí kànnàngó ni wọn yóò fún un, wọn yóò sì fi í sáàárín àwọn àgbà. Ìlù kan ṣoṣo náà ni yóò máa lù lálùtúnlù, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà gan-an ló ti di ara orin, torí pé bí ó bá dákẹ́, gbogbo ènìyàn ni yóò mọ̀ pé nǹkan kan ti yẹ̀. Etí rẹ̀ yóò máa gba ohun tí ìyáàlù ń sọ kí ọwọ́ rẹ̀ tó lè sọ ọ́.

Ohun tí mo rí kọ́ lára wọn ni mo gbé wá sídìí fèrè. Ohùn mẹ́ta ni ọmọ sábà máa ń kọ́kọ́ mọ̀ lórí rekọ́dà. Bí ó bá fi àtàǹpàkò òsì dí ihò ẹ̀yìn, tí ó sì fi ìka tó tẹ̀ lé e dí ihò àkọ́kọ́ níwájú, ohùn B nìyẹn. Bí ó bá fi ìka àárín kún un, A ni. Bí ó bá tún fi ìka kan sí i, ó di G. Bí a bá pe G ní dò, A á jẹ́ re, B á sì jẹ́ mí. Dò, re, mí yìí náà ni a fi ń kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní àmì ohùn èdè Yorùbá! Lóòótọ́, ohùn ẹnu kì í dúró lójú kan gẹ́lẹ́ bíi ti fèrè, ṣùgbọ́n ó tó fún ọmọ láti fi fèrè pe orúkọ ara rẹ̀ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbà á. Àkúrẹ́ á jẹ́ dò mí mí, Oǹdó á jẹ́ re dò mí, Títílayọ̀ á sì jẹ́ mí mí re dò. Fún ẹni tí fèrè rẹ̀ bá ń han, mo máa ń sọ pé kí ó fẹ́ ẹ bí ẹni tó ń fẹ́ ẹ̀kọ mímu gbígbóná, kí ó sì wo ọmọ ìka rẹ̀ bóyá àmì ihò yí po lórí rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni mo pín wọn sí ọ̀wọ́ ẹlẹ́ni mẹ́fà-mẹ́fà, tí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan mú fèrè kan, agogo kan, àti agolo mílíìkì tí a rọ òkúta wẹ́wẹ́ sí. Wọn yóò yan ìkíni tàbí òwe kan, wọn yóò fi fèrè sọ ọ́, àwọn yòókù yóò sì sọ ohun tí wọ́n gbọ́. Ọ̀wọ́ kan fọn re mí re mí. Àwọn kan ní “ẹ kú ilé” ni, àwọn tó fọn ọ́n ní “ẹ kú iṣẹ́” ni àwọn sọ, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀. N kò dá sí i. Ọmọdébìnrin kan ló dìde tó ní kí wọ́n fi “ẹ̀yin àgbẹ̀” kún un kí ó má baà rú àwọn ènìyàn lójú, mo sì rí i pé ọmọ ọdún mọ́kànlá náà ti fúnra rẹ̀ mọ ìdí tí onílù fi máa ń fa ọ̀rọ̀ gùn.

Lọ́jọ́ mìíràn, òjò rọ̀ sórí páànù kíláàsì wa tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ohùn mi mọ́. Mo ní kí wọ́n kàn tẹ́tí sí i. Nígbà tó dá, mo ní kí wọ́n fi ohun tí wọ́n gbọ́ ṣe orin. Àwọn kan fi ìka kan tábìlì, àwọn kan mi agolo, ẹni kan ń lu kẹ́ẹ̀gì òfìfo bí ààrá, fèrè mẹ́ta sì ń fọn G pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ nísàlẹ̀ gbogbo rẹ̀. Ọmọ kan wá bi mí báwo ni àwọn yóò ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ tí kíláàsì kejì yóò fi mọ bí ohùn kọ̀ọ̀kan ṣe gùn tó. Ìgbà yẹn ni mo tó fa ìlà márùn-ún náà sójú pátákó, wọ́n sì gba àmì orin lọ́wọ́ mi bí ẹni tí ebi ń pa ṣe ń gba oúnjẹ.

Àwọn òyìnbó tó mọ iṣẹ́ yìí náà ti tọ irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Carl Orff ará Jámánì, tí òun àti Dorothee Günther dá ilé-ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní Munich ní ọdún 1924, dá ọ̀nà ìkọ́ni kan sílẹ̀ nínú èyí tí a ti máa ń yọ igi ohùn “fa” àti ti ohùn “ti” kúrò lára xylophone àwọn ọmọdé, ìyẹn ohun-èlò orin tí a to igi pẹlẹbẹ sí lórí, tí a sì ń fi ọ̀pá lù, kí ohunkóhun tí wọ́n bá jọ lù má baà ta kora. Dò, re, mí, sọ àti la tó ṣẹ́ kù náà ló pọ̀ nínú orin ìbílẹ̀ wa.

Mo mọ̀ pé ariwo wà nínú rẹ̀. Olùkọ́ kíláàsì kejì ti wá bá mi nítorí rẹ̀, ó sì jàre. A ti ń jáde lọ sábẹ́ igi máńgòrò báyìí, àwọn ọmọ sì mọ̀ pé bí mo bá di ìkúùkù sókè, kí gbogbo ohùn dákẹ́ wẹ́lo. Ní ti fèrè tí kò tó, wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ àti omi fọ ẹnu rẹ̀ kí ọmọ mìíràn tó fi sẹ́nu.

Mo bẹ àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ ní Alágbàká pé kí wọ́n jẹ́ kí àkókò ẹ̀kọ́ orin méjì tẹ̀ léra lórí táímù-tébù, torí pé ìṣẹ́jú 40 kò tó láti pín ọmọ 60 sí ọ̀wọ́, kí wọ́n ṣẹ̀dá, kí wọ́n sì gbọ́ ti ara wọn. Mo bẹ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ orin ní Adeyemi Federal University of Education ní Oǹdó pé kí àwọn tí wọ́n ń rán wá kọ́ṣẹ́ olùkọ́ lọ́dọ̀ wa ti máa darí irú ọ̀wọ́ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó dé. Mo sì bẹ àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ pé kí wọ́n pe àwọn onílù àdúgbò wọn wá jókòó láàárín àwọn ọmọ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí wọ́n sì san owó iṣẹ́ wọn fún wọn bí wọ́n ṣe ń san án fún olùkọ́ èyíkéyìí.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ orin kan,
Òkè-Àró, Àkúrẹ́.