Lẹ́tà sí Àbíkẹ́, tó fẹ́ dá wọ ọkọ̀ òkun

Àbíkẹ́ mi,

Bàbá rẹ pè mí láti Kàdúná lálẹ́ àná. Ó ní o ti san àsansílẹ̀ owó ọkọ̀ ìgbafẹ́ orí òkun kan tí yóò gbéra láti Ítálì, pé ìwọ nìkan lò ń lọ, àti pé èmi Màmá Kúbwá ni mo tì ọ́ sí i. Mo ní òótọ́ ni. Ó dákẹ́ títí, ó wá ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ rò ó dáadáa ṣá? Ọmọbìnrin, òun nìkan, láàárín òkun?” Mo mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù, n kò sì bínú sí i. Ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀, oúnjẹ ń bẹ, nọ́ọ̀sì ń bẹ, ẹni tó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ yóò ti mọ orúkọ rẹ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú. Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀ sí èbúté erékùṣù, tí wọ́n ṣílẹ̀kùn, tí oníkálùkù ń wá ẹni tí wọn yóò jọ jáde, ọjọ́ yẹn ni mo ń torí ẹ̀ kọ̀wé yìí.

O sọ fún mi pé ọkọ̀ yín yóò yà ní Valletta, ní Málítà. Ibẹ̀ gan-an ni èmi náà ti kọ́kọ́ dá sọ̀ kalẹ̀.

O rántí pé èmi àti ọ̀rẹ́ mi la jọ tu owó ìrìn àjò yẹn jọ nígbà tí mo fẹ̀yìn tì. Wọn kò fún un ní físà; èmi rí tèmi gbà. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ní bí mo bá máa dá gba yàrá, owó tí n ó san yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ẹni méjì, torí ẹni méjì méjì ni wọ́n ń ka yàrá wọn sí. Mo sunkún, mo san án. Nígbà tí a ó fi dé Málítà, owó ọwọ́ mi kò ká tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì tí wọ́n ń tà nínú ọkọ̀ fún àwọn tó fẹ́ wo ìlú. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń wo àwọn tọkọtaya tí wọ́n lẹ nọ́ńbà mọ́ àyà, tí wọ́n tò sẹ́yìn ẹni tó gbé àsíá. Mo padà dé ibi líífìtì, mo tún yí padà. Ìgbà mẹ́ta. Obìnrin tó ń yẹ káàdì wò ló wá ní, “Màmá, ìlú náà kò jìnnà, ẹ máa rìn lọ.”

Lóòótọ́ ni kò jìnnà. Tí o bá ti jáde, wàá rí ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ tó tò létí omi, tí wọ́n kun ilẹ̀kùn wọn ní oríṣiríṣi ọ̀dà. Jẹ́ kí omi wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ, kí o máa lọ títí wàá fi dé ìdí líífìtì gíga kan lára odi ìlú. Mítà 58 ni gíga rẹ̀, ọdún 2012 ni wọ́n sì kọ́ ọ, torí òkè ni Valletta wà. Tí o bá jáde lókè, inú ọgbà Upper Barrakka lo bọ́ sí, gbogbo èbúté yóò sì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ, pẹ̀lú àwọn odi olókùúta tó pọ́n bí oyin. Ọkọ̀ rẹ tó tóbi bí àdúgbò yóò wá rí kékeré. Mo jókòó síbẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí a ti gbéra tí ọkàn mi balẹ̀.

Ibẹ̀ ni àgbá ti kó mi yọ. Ní ọ̀sán gangan, wọ́n máa ń yin àgbá ogun àtijọ́ ní ìsàlẹ̀ ọgbà náà, èrò sì máa ń pé láti wò ó. Ó dún, wọ́n pàtẹ́wọ́, mo wo fóònù mi: aago méjìlá. Mo wo aago ọwọ́ mi: aago kan. Àbíkẹ́, ara mi tutù. Láti ilẹ̀ Gíríìsì ni a ti ń bọ̀, aago wọn sì fi wákàtí kan ṣáájú ti Málítà. Ọ̀gákọ̀ kò yí aago inú ọkọ̀ padà. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n ń tì gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé lálaalẹ́, èmi ni n kò kà á parí. Fóònù ti dá yí tirẹ̀. Aago márùn-ún àbọ̀ ni wọ́n ní kí gbogbo wa ti wọlé, aago mẹ́fà ni ọkọ̀ máa ṣí. Ká ní fóònù ni mo tẹ̀ lé, omi lásán ni n bá bá níbẹ̀.

N kò ní tàn ọ́ lórí èyí. Bí bọ́ọ̀sì tí ọkọ̀ tà bá pẹ́, ọkọ̀ á dúró dè é. Ẹni tó dá lọ, wọn kì í dúró dè é. Ìwọ ni wàá fi owó ara rẹ wá ọ̀nà bá wọn ní èbúté tó kàn. Nítorí náà ra aago ọwọ́, má ṣe gbára lé fóònù, kí o yí i sí aago ọkọ̀ kí o sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Orúkọ àti nọ́ńbà aṣojú ọkọ̀ ní èbúté wà nínú ìwé alaalẹ́ yẹn. Yà á ní fọ́tò, kí o tún fi bírò kọ ọ́ sínú pọ́ọ̀sì. Ẹ̀dà pásípọ́ọ̀tù rẹ àti ti físà, mú wọn dání. Físà gan-an, tún un wò: Ítálì àti Málítà, físà Schengen kan náà ló kárí wọn, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ yín bá yà sí Tùnísíà kó tó padà, o ti jáde kúrò nílẹ̀ tí físà náà kárí nìyẹn, físà ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan kò sì ní gbà ọ́ wọlé mọ́. Má ṣe gba “kò séwu” lẹ́nu ẹnikẹ́ni lórí èyí.

Lẹ́yìn àgbá, mo wọ ọkọ̀ kékeré onígi kan tó ṣẹ́rí sókè níwájú, mo kọjá sí Birgu lódìkejì èbúté. Ìlú yìí ni àwọn ajagun onísìn Jòhánù Mímọ́ ń gbé kí wọ́n tó kọ́ Valletta. Ibẹ̀ ni àwọn Tọ́kì ti dó tì wọ́n ní ọdún 1565, wọn kò sì rí wọn ṣẹ́gun. Òpópó rẹ̀ tóóró, òdòdó wà lójú fèrèsé, kò sí bọ́ọ̀sì àlejò kankan níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ọkùnrin kan páàkì ọkọ̀ akẹ́rù tó ń ta ewébẹ̀ sí kọ̀rọ̀ kan. Ìyá arúgbó kan ń bá a ná àlùbọ́sà. Mo gbọ́ tí ìyá náà ní “basal.” Mo dúró. Ọkùnrin náà wá ń ka ṣéńjì sí i lọ́wọ́: “erbgħin, ħamsin, sittin…”

Ṣé o mọ ibi tí mo wà nígbà yẹn? Mo wà ní Zaria. Mo jókòó sẹ́bàá ìyá wa, ìyá bàbá rẹ, ní ọjà Sábọ̀n Gàrí, apẹ̀rẹ̀ àlùbọ́sà níwájú wa, mo ń ka owó fún oníbàárà: arba'in, hamsin, sittin. Hausa ni mo fi mọ owó kà kí n tó fi Yorùbá mọ̀ ọ́n, torí pé ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí ní Zaria ni wá, ẹnu ọjà ló kọ́ wa. N kò rò pé mo lè kọjá òkun kí n tó tún gbọ́ ohùn ọjà yẹn.

Lẹ́yìn tí mo padà délé ni mo wádìí rẹ̀. Àwọn Lárúbáwá ló gba Málítà ní ọdún 870. Nígbà tí ìjọba wọn lọ, èdè wọn kò lọ. Kátólíìkì ni wọ́n, síbẹ̀ “Alla” ni wọ́n ń pe Ọlọ́run, “Randan” sì ni wọ́n ń pe ààwẹ̀ Lẹ́ńtì. Nọ́ńbà Hausa náà, láti èdè Lárúbáwá ni. Àlùbọ́sà tiwa, ọwọ́ Hausa la ti gbà á. Wo orúkọ ọjọ́ tí àwọn Mùsùlùmí wa ń pè, Àlàrùba, Àlàmísì, Jímọ̀. Àwọn ará Málítà ní L-Erbgħa, Il-Ħamis, Il-Ġimgħa. Ìwé “Il-Ħamis” kan lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo kà á láì béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Inú mi dùn bí ọmọdé.

Mo nawọ́ sí tòmátì, mo ní, “Hamsin?” Ọkùnrin náà wò mí, ó wo ìyá arúgbó náà, àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Ó fún mi ní méjì, ó kọ̀ láti gba owó. Mo rántí Pọ́ọ̀lù, tí ọkọ̀ rẹ̀ rì sí Mélítà, erékùṣù yìí kan náà, gbogbo wọn nínú ọkọ̀ jẹ́ ènìyàn 276, tí àwọn ará ibẹ̀ dáná fún wọn nínú òjò. Tí ó bá jẹ́ pé mo wà nínú bọ́ọ̀sì onínọ́ńbà ni, inú gíláàsì ni n bá ti wo kọ̀rọ̀ yẹn, bí a bá tilẹ̀ gbabẹ̀ kọjá.

Gbogbo ọjọ́ náà kọ́ ló dùn. Ní ilé ìtajà kan, wọ́n tẹ̀ lé mi káàkiri bí ẹni pé mo fẹ́ jí nǹkan. Mo gbé ohun tí mo mú sílẹ̀, mo jáde, ó sì ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Bí wọ́n bá ṣe é fún ọ, jáde, má bá wọn jiyàn. Àkókò rẹ kò tó.

Ẹlòmíràn tí n kò lè gbàgbé ni ọmọkùnrin kan tó ń ru bíríkì níbi tí wọ́n ti ń tún ilé kọ́. Mo ń fi ohùn sílẹ̀ lórí fóònù fún ọ̀rẹ́ mi, ó gbọ́ Yorùbá. Ó sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ nínú eruku: “Ẹ kú ìrìn, mà.” Ọmọ Ṣakí ni. Ó gba Líbíà, ó wọ ọkọ̀ onírọ́bà. N kò ní kọ èyí tó kù síbí. Òkun kan náà tí mo fi owó ìfẹ̀yìntì wọ̀, ẹ̀mí ni òun fi wọ̀ ọ́. Mo fún un ní gbogbo kúlíkúlì tí mo gbé láti Kúbwá. Ó jẹ ọ̀kan lójú mi, ó pa ojú dé. Bí o bá ń lọ, gbé kúlíkúlì dání, kó pọ̀.

Nǹkan díẹ̀ ló kù. Wọ ṣọ́ọ̀ṣì Jòhánù Mímọ́ ní Valletta, ṣùgbọ́n má ṣe lọ lọ́jọ́ Àìkú. Bo èjìká rẹ. Má wọ bàtà onígìgísẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, wọn kò ní jẹ́ kí o wọlé, torí òkúta ibojì àwọn ajagun náà ni ilẹ̀ ibẹ̀. Àwòrán ńlá bí wọ́n ṣe bẹ́ Jòhánù lórí, tí Caravaggio yà ní 1608, wà nínú yàrá kan. Jókòó síwájú rẹ̀, má kánjú. Tí o bá fẹ́ dá títì, wo ọ̀tún kọ́kọ́, ọwọ́ òsì ni wọ́n ń wakọ̀ sí, bí àwa náà ti ń ṣe kí ìjọba tó yí i padà ní 1972. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ló gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àtẹ̀gùn ìlú náà pọ̀, orúnkún mi mọ̀ ọ́n.

Bàbá rẹ yóò tún pè mí lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn. Èmi ni n ó bá a sọ̀rọ̀, ìwọ má dá a lóhùn pẹ̀lú ìbínú. N ó sọ̀rọ̀ ìyá wa àti apẹ̀rẹ̀ àlùbọ́sà yẹn fún un. Òun náà mọ owó kà níbẹ̀.

Bàtà pẹlẹbẹ dúdú tí mo fi rìn lọ́jọ́ náà ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Ẹsẹ̀ wa dọ́gba. Kí o tó lọ sí pápákọ̀ òfuurufú, yà ní Kúbwá kí o wá gbé e.

Èmi ni,
Màmá Kúbwá rẹ