Lẹ́tà sí ẹni tó ni Ìjàpá yìí kó tó kàn mí

Ẹ̀yin tí mi ò mọ̀ rí,

Ẹni tó ta mọ́tò yìí fún mi kò mọ orúkọ yín. Ó ní ọwọ́ ẹlòmíì lòun náà ti rà á. Àmọ́ oṣù mẹ́rìnlá ni mo ti ń fẹ̀yìn lélẹ̀ lábẹ́ Volkswagen ọdún 1972 yìí, mo sì ti mọ̀ yín díẹ̀. Bí ẹ ṣe ń wé téèpù mọ́ wáyà, ó jọ pé ọwọ́ òsì lẹ ń lò.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ro ẹjọ́ tí mo ní í rò. Fíúsì kan jó, ẹ fi bébà dídán inú páálí sìgá wé e. Iná tàn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n fíúsì ló yẹ kó kú kí wáyà má baà kú. Nígbà tí mo ká kápẹ́ẹ̀tì iwájú, wáyà mẹ́rin ti yọ́ lẹ̀ mọ́ra wọn.

Ti bátìrì ló bà mí lẹ́rù jù. Abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ni bátìrì Ìjàpá ń gbé, sípíríìngì ìjókòó sì wà lókè rẹ̀ gan-an. Ìdérí kan ló yẹ kó wà láàárín àwọn méjèèjì. Tiyín ò sí níbẹ̀. Bí ẹni tó sanra bá jókòó, irin á kan orí bátìrì, ìjókòó á sì gbiná lábẹ́ ìdí ẹni ẹlẹ́ni. Mo rí ojú ibi tó ti jó dúdú. Ta lẹ gbé lọ́jọ́ náà?

Pọ́tì tí ẹ fi dí ibi tó dípẹtà ńkọ́? Mo fi mágínẹ́ẹ̀tì kan irin abẹ́ ilẹ̀kùn apá òsì, kò lẹ̀ mọ́ ọn. Mo họ ọ́: ọ̀dà, pọ́tì tó nípọn tó àtàǹpàkò, lẹ́yìn náà ìwé ìròyìn tí ẹ kì bọ inú ihò. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ. Irin yẹn sì wà lára ohun tó gbé mọ́tò dúró, inú rẹ̀ náà ni ooru ẹ́ńjìnnì ń gbà láti ẹ̀yìn lọ síwájú. Inú bí mi débi pé mo gé èyí tó ti dípẹtà dànù láì kọ́kọ́ fi irin há ẹnu ọ̀nà kó má baà yẹ̀. Ara mọ́tò sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, ilẹ̀kùn kò pa dé mọ́. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń fi jáàkì gbé e díẹ̀díẹ̀, tí mo ń wọ̀n ọ́n, tí mo ń tún un wọ̀n, kí n tó wẹ́ẹ̀dì irin tuntun mọ́ ọn.

Mo ti ṣépè fún yín kí n tó fọ ìdérí ẹ́ńjìnnì. Inú rẹ̀ ni mo ti rí ohun tí ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ: “Àlàfo fááfù 0.15 mm. Kó tutù kẹ́ ẹ tó wọ̀n ọ́n.” Nọ́ńbà kílómítà ìgbà tí ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì tò tẹ̀ lé e wálẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan fi 5,000 ju èyí tó ṣáájú lọ, ìgbà mọ́kànlá, ẹ ò fo ẹyọ kan. Ẹ mọ̀ pé asẹ́ wáyà lásán ló ń sẹ́ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì yìí, àti pé bí ọ́ìlì bá dọ̀tí, ó tán nìyẹn. Ẹ tún so bẹ́ẹ̀tì tuntun kan mọ́ sípánà 21, ẹ fi pamọ́ síwájú, torí bẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló ń yí dáínámò àti fáànù tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí mo tú ẹ́ńjìnnì náà, inú rẹ̀ mọ́ ju bí mo ṣe rò lọ. Mo dá èpè náà dúró.

Ó jí lálẹ́ àná. Ó kọ́kọ́ húkọ́, ó tu epo síta láti ẹnu kabúrétọ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ta pó-pó-pó bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n. Gbogbo ará ilé jáde.

Ohun kan ló kù. Nínú àpótí iwájú ìjókòó, mo rí sípíríìngì kékeré kan tí ẹ fi aṣọ funfun wé dáadáa. Mo ti tú mọ́tò yín tán, mo ti tò ó padà, mi ò rí ibi tí ó ti já. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo fẹ́ fi í ṣe?