Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́, àbúrò mi tó ń retí Olúwa

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ohùn rẹ kò tíì kúrò létí mi láti ìgbà tó o pè mí ní àárọ̀ ọjọ́ karùn-ún-dín-lọ́gbọ̀n oṣù September 2025 yẹn. O ò sunkún. O kàn ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ilẹ̀ tún mọ́." Ọkùnrin kan ní South Africa ló sọ pé ọjọ́ kẹtàlélógún tàbí ìkẹrìnlélógún ni Jésù máa wá kó àwọn tirẹ̀ lọ, fídíò rẹ̀ sì dé orí fóònù wa gbogbo. O gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. O ránṣẹ́ bẹ gbogbo ẹni tó o bá jà rí. Mi ò ní torí ẹ̀ bú ọ, torí ọ̀pọ̀ nínú wa ni kì í tilẹ̀ rántí pé Olúwa ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ tó o sọ tẹ̀lé e ló dùn mí. O ní gbogbo ọjọ́ mẹ́ta yẹn, ẹ̀rù ló kàn ń bà ọ́. Ẹni tó o fẹ́ràn ló ń bọ̀, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà ọ́! Ìyẹn ni mo fi jókòó kọ lẹ́tà yìí.

Nígbà tí Bàámi ń wa lọ́rì lọ sí Kano àti Maiduguri, kò sí fóònù nílé wa l'Ógbómọ̀ṣọ́. Tí wọ́n bá ti lọ, ó di ìgbà tí a bá rí wọn. Màámi kì í lọ bi ẹnikẹ́ni ní gáréèjì pé ọjọ́ wo ni. Ṣùgbọ́n lálaalẹ́, tí wọ́n bá ti rokà tán, ti Bàámi ni wọ́n máa kọ́kọ́ bù sọ́tọ̀, wọ́n á fi àwo dé e. Korobá omi ìwẹ̀ Bàámi kì í gbẹ. Tí ilẹ̀ bá mọ́ tí wọn ò dé, Màámi á fún wa ní ọkà àná jẹ, wọ́n á gbé èlùbọ́ wọn, ó dọjà. Fèrè ọkọ̀ tó ń dún lójú títì lóru kò lóǹkà, Màámi ò ní mira. Ìgbà tó bá jẹ́ ti Bàámi, kó tó dún lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ti ṣílẹ̀kùn.

Ìrìn àjò kan wà tó gba Bàámi ní oṣù mẹ́rin. O ò tíì pé ọdún méjì. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n la ọwọ́ sí ọ, lo bá figbe ta, o sá sẹ́yìn ìró Màámi. Bàámi ò fipá fà ọ́. Wọ́n jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n na dàbínù kan sí ọ. O ò gbà á. Lọ́jọ́ kejì, o gbà á, o ò wojú wọn. Lọ́jọ́ kẹta, orí itan wọn lo sùn sí. Nígbà tí wọ́n máa fi tún ìrìn àjò lọ tí wọ́n tún dé, ìwọ lo kọ́kọ́ sáré bọ́ síta.

Àbẹ̀kẹ́, bàbá kan náà ni. Fèrè kan náà ni.

Jésù fúnra rẹ̀ ló sọ nínú Máàkù 13 pé kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ yẹn àyàfi Baba. Ṣùgbọ́n lálẹ́ tó máa fi àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀, ohun tó sọ fún wọn ni pé, "Ẹ máa gbé inú mi." Ní 1844, àwọn tó tẹ̀ lé oníwàásù kan tó ń jẹ́ William Miller l'Amẹ́ríkà retí Olúwa ní October 22. Àwọn kan ò kórè oko wọn. Ọjọ́ náà kọjá, wọ́n sunkún. Lọ́dún kan náà, ní January, Àjàyí Crowther dúró ní Freetown, ó fi èdè Yorùbá wàásù nínú ìsìn. Òun náà ń retí. Ọ̀rọ̀ Olúwa ló jókòó tì, òun àtàwọn míì, títí odindi Bíbélì Yorùbá fi jáde ní 1884. Èyí tó wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó ń retí ni.

Nítorí náà, mú aṣọ ìyá oníbàárà rẹ tó o ní kó wá gbà padà láìrán, kó o rán an. Bó o ṣe ń tẹ máṣíìnì, máa bá Jésù sọ̀rọ̀, kódà bó jẹ́ ọ̀rọ̀ òwú tó ń já. Ṣí Ìhìn Rere Máàkù, má sáré kà á. Ìtàn kan lóòjọ́ tó. Máa wo bó ṣe ń fọwọ́ kan adẹ́tẹ̀, bó ṣe ń sùn nínú ọkọ̀ ojú omi, títí wàá fi mọ ìṣe rẹ̀.

O tún ní o kì í lọ síbi Oúnjẹ Olúwa mọ́, torí ọwọ́ rẹ ò mọ́ tó. Pétérù jẹun nídìí tábìlì yẹn, kí àkùkọ tó kọ ló ti sẹ́ ẹ. Nígbà tí Jésù sì tún rí i létí òkun, ẹja ló ti yan sílẹ̀ dè é. Pọ́ọ̀lù ní nígbàkúùgbà tí a bá jẹ nínú àkàrà yìí, a ń kéde ikú Olúwa "títí yóò fi dé." Ibẹ̀ gan-an la ti ń dúró dè é, Àbẹ̀kẹ́, a kì í dúró sẹ́yìn.

Sunday àkọ́kọ́ oṣù tó ń bọ̀ ni a máa jẹ Oúnjẹ Olúwa ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Wá sílé ní Saturday. Èmi ni mà á jókòó tì ọ́. Màámi ti ní àwọn á rokà, àwọn á bu tìrẹ sọ́tọ̀.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ