Ẹ Jẹ́ Ká Wọ Bọ́ọ̀sì Tó Láyè

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá àyè fún ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé ìròyìn yín. Inú ń bí mi, ọ̀rọ̀ náà kò sì kan èmi nìkan.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, mo dúró sí ibùdókọ̀ kan ní etíkun Devon nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mo fẹ́ lọ rin ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ etíkun tí wọ́n ń pè ní South West Coast Path, báàgì lẹ́yìn, bàtà ìrìn lẹ́sẹ̀, òjò ń rọ̀ wìnnìwìnnì. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán. Ìwé àkókò ọkọ̀ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ sọ pé bọ́ọ̀sì kan ń bọ̀ ní aago 7:40. Bọ́ọ̀sì dé lóòótọ́. Ó láyè dáadáa, mo ń rí àwọn ìjókòó tó ṣófo láti ojú fèrèsé. Mo nawọ́ sí i. Awakọ̀ tọ́ka sí pátákó iwájú ọkọ̀ pé ti akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni, ó bá tirẹ̀ lọ. Ìwé tí mo kà, àṣé ti ìgbà ooru ni. Kò sẹ́ni tó rántí yọ ọ́ kúrò. Aago 10 kọjá kí bọ́ọ̀sì tí gbogbo ayé lè wọ̀ tó yọjú.

Ẹni tó bá ti rin ọ̀nà etíkun yìí rí á mọ ohun tí wákàtí méjì ààbọ̀ jẹ́ lásìkò òtútù. Nínú oṣù Kejìlá, aago 8 á ti lé kí oòrùn tó yọ, á sì ti wọ̀ kí aago 4 ààbọ̀ tó lù. Bẹ́ẹ̀ ọ̀nà náà kì í ṣe títì ọlọ́dà. South West Coast Path gùn tó 630 máìlì, láti Minehead ní Somerset, gba Devon àti Cornwall kọjá, títí dé ẹnu èbúté Poole ní Dorset. Bí a bá ro gbogbo òkè tí èèyàn máa gùn níbẹ̀ pọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 4 òkè Everest. Àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun ló ń tọ̀ ọ́ láyé àtijọ́ láti fi ṣọ́ àwọn onífàyàwọ́, ìdí nìyẹn tó fi ń yà wọ gbogbo kọ̀rọ̀ tí omi bá yà sí. Kò ṣeé gé kúrú. Ẹni tí wákàtí méjì bá bọ́ mọ́ lọ́wọ́ láàárọ̀, òkùnkùn ni yóò ká a mọ́ orí òkè tó dá gẹ̀rẹ́ sínú òkun.

Ó ti di ọdún kẹta tí mo ti ń rin ín díẹ̀díẹ̀, ìgbà òtútù sì ni mo fẹ́ràn. Ìgbà yẹn ni ọ̀nà dá wáí, tí ibùsùn kì í wọ́n, tí èèyàn sì ń gbọ́ ohùn òkun dáadáa. Ètò àwa tó ń fẹsẹ̀ rìn níbẹ̀ rọrùn. A ó gba ibùsùn sójú kan fún ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún, a ó wọ bọ́ọ̀sì lọ síwájú láàárọ̀, a ó wá fẹsẹ̀ rìn padà síbi tí ẹrù wa wà. Kò sí pé à ń sáré kí bọ́ọ̀sì ìrọ̀lẹ́ má fi wá sílẹ̀. Bọ́ọ̀sì òwúrọ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. Òun gan-an ló sì kọjá lójú mi pẹ̀lú ìjókòó tó ṣófo.

Àwọn aláṣẹ á ní èrò kì í sí nígbà òtútù. Ta ló fẹ́ wọ ọkọ̀ tí wọn kò jẹ́ kó wọ̀? Wọ́n á tún ní láti oṣù Kẹwàá ọdún 1986 ni ìjọba ti yọ ọwọ́ nínú bọ́ọ̀sì lẹ́yìn odi London, pé ibi tí èrè wà ni àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ń ná. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ti bọ́ọ̀sì akẹ́kọ̀ọ́ yàtọ̀. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ní kí ìjọba ìbílẹ̀ máa gbé ọmọ lọ sílé ìwé lọ́fẹ̀ẹ́ bí ilé ìwé tó yẹ ẹ́ tó sún mọ́ ọn jù bá jìn sílé rẹ̀ ju máìlì 3 lọ, tàbí máìlì 2 bí ọmọ náà kò bá tíì pé ọdún 8. Owó ìlú ló ń gbé ọkọ̀ náà rìn. Awakọ̀ ti wà lórí ìjókòó, epo ti wà nínú táńkì, ọ̀nà kan náà ló sì ń gbà.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí: kí wọ́n ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn. Kí àwọn ọmọ kọ́kọ́ jókòó, kí wọ́n fi ìjókòó iwájú tó bá ṣẹ́ kù sílẹ̀ fún àwa yòókù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, níbi tí ojú rẹ̀ ti tó wa. Kí a san owó wa. Láti oṣù Kìíní ọdún 2025 ni iye tó ga jù fún owó ọkọ̀ ẹ̀ẹ̀kan ti kúrò ní pọ́n-ùn 2 di pọ́n-ùn 3. N ó san án tayọ̀tayọ̀, owó tó ti ń ṣòfò tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àkókò ọkọ̀ bíi ti àwọn yòókù. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù nítorí àwọn ọmọ, mo bọ̀wọ̀ fún ìbẹ̀rù rẹ̀, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ abúlé, bọ́ọ̀sì tí àgbà ń wọ̀ náà ni ọmọ ń wọ̀ lọ sílé ìwé. Nígbà ìsinmi, kí ọkọ̀ kan náà ṣì máa jáde lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀, àti ní òpin ọ̀sẹ̀ pẹ̀lú. Ní Lulworth ní Dorset, níbi tí àwọn ológun ti ń yìnbọn, òpin ọ̀sẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń ṣí ọ̀nà fún wa.

Ti ọkọ̀ ojú omi náà wà níbẹ̀. Odò gé ọ̀nà yìí láwọn ibì kan. Ọkọ̀ tó ń gbé èèyàn sọdá odò Helford ní Cornwall kì í ṣiṣẹ́ lẹ́yìn oṣù Kẹwàá. Odò Erme ní Devon kò tilẹ̀ ní ọkọ̀ rárá: ìgbà tí omi bá fà nìkan ni èèyàn lè wọ́ ọ kọjá, bí òjò bá sì ti rọ̀, kò ṣeé dán wò. Kí wọ́n lẹ èyí mọ́ ibùdókọ̀ pẹ̀lú. Kí wọ́n sì ya ìwé ìgbà ooru dànù!

Èmi lè padà wọ ibùsùn kí n dúró de ọ̀la. Màmá òyìnbó kan dúró pẹ̀lú mi lọ́jọ́ náà, ọ̀pá lọ́wọ́, ó ń lọ rí dókítà nínú ìlú. Bọ́ọ̀sì yẹn kọjá lójú òun náà, ó ní ó ti mọ́ òun lára. Ọ̀sẹ̀ méjì sí i ni wọ́n tún sún ìpàdé rẹ̀ pẹ̀lú dókítà sí, aago 9 àárọ̀.

Èmi ni, òǹkàwé yín láti Devon.