Lẹ́tà sí Màámi, alágbàfọ̀ Mọ́kọ́lá

Màámi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé àbúrò mi ló máa ka èyí fún yín lórí fóònù, ẹ ní kó rọra kà á, kó má fo ibì kankan.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tá ò ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo wọ tíréènì lọ sí ìlú kékeré kan létí odò Hudson, Irvington lórúkọ ẹ̀, kò jìnnà sí New York níbí, torí ilé kan ni mo ṣe lọ. Ilé funfun ni, òpó gàgàrà ló wà níwájú ẹ̀, yàrá 34 ló wà nínú ẹ̀. Mi ò wọlé, ojú títì ni mo dúró sí tí mò ń wò ó tí omi ń bọ́ lójú mi, torí alágbàfọ̀ ló kọ́ ọ.

Alágbàfọ̀ bíi tiyín. Sarah Breedlove lorúkọ ẹ̀, 1867 ni wọ́n bí i ní Louisiana, ẹrú inú oko òwú ni bàbá àti ìyá ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó di ọmọ òrukàn lọ́mọ ọdún méje, ọkọ ẹ̀ kú nígbà tó wà lọ́mọ ogún ọdún, ló bá gbé ọmọ ẹ̀ kan ṣoṣo lọ sí St. Louis, ó ń fọṣọ, bíi dọ́là kan ààbọ̀ lóòjọ́, kí ọmọ yẹn ṣáà lè kàwé. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì ló gbà á mọ́ra. Ìgbà tó yá irun orí ẹ̀ ń já, ibẹ̀ ló ti dórí ìpara irun, ó ń tà á láti ojúlé dé ojúlé, ó sì kọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin aláwọ̀ dúdú níṣẹ́. Madam C. J. Walker ni gbogbo ayé wá mọ̀ ọ́n sí.

Ní 1912, níbi ìpàdé àwọn oníṣòwò, wọn ò fẹ́ kó sọ̀rọ̀, ó bá dìde fúnra ẹ̀, ó ní oko òwú lòun ti wá, ibẹ̀ ni wọ́n ti gbé òun ga dé ìdí báàfù ìfọṣọ, látibẹ̀ dé kíṣìnì ìdáná, lẹ́yìn ẹ̀ lòun wá gbé ara òun ga dé ìdí òwò. Kò fi báàfù yẹn pamọ́. Èmi fi tiyín pamọ́ Màámi, aṣọ ni mo sọ fáwọn ọmọ kíláàsì mi pé ẹ̀ ń tà. Ẹ forí jì mí.

Ó lówó o, ṣùgbọ́n ó ń fún èèyàn. Ní 1911 ó ṣèlérí dọ́là 1,000 fún ilé YMCA, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́kùnrin Kristẹni, táwọn aláwọ̀ dúdú fẹ́ kọ́ ní Indianapolis. Ní 1919 tó ti ń ṣàìsàn, ó fún NAACP, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, ní dọ́là 5,000, kí wọ́n fi gbógun ti àwọn tó ń so aláwọ̀ dúdú kọ́ sórí igi. Oṣù May ọdún yẹn ló kú nínú ilé yẹn, ọmọ ọdún 51, kò tíì pẹ́ níbẹ̀ rárá, ó sì ti kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún pé kí wọ́n máa fi ìdá méjì nínú mẹ́ta èrè òwò ẹ̀ ṣe àánú.

Ìgbà tọ́mọ ẹ̀ kú ní 1931, ilé bọ́ sọ́wọ́ NAACP, wọ́n tà á, ó wá di ilé táwọn ìyá arúgbó ń gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún. (Ní 2018, Richelieu Dennis, ọmọ Liberia, rà á, ó ní àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú tó ń ṣòwò lòun fẹ́ kó wà fún.) Ọ̀rọ̀ àwọn ìyá arúgbó yẹn ló mú mi dúró lójú títì pẹ́, torí Ìyá Ìbejì ni mo rántí, bí ẹ ṣe mú un wá sínú yàrá kan ṣoṣo tá a ní, tẹ́ ẹ ní kí n dìde lórí mátíràsì kó lè sùn, tí mo pariwo pé kí la ní tá a fẹ́ fi fún ẹlòmíì, tí ẹ ò dá mi lóhùn, tí ẹ kàn ń fún aṣọ lọ.

Màámi, owó tó wọlé lánàá, kì í ṣe ti oúnjẹ. Ẹ fi ra bẹ́ẹ̀dì fún Ìyá Ìbejì, èyí tó ga díẹ̀, kó má máa tiraka kó tó dìde, kẹ́ ẹ sì sọ fún un pé èmi ni.

Àbẹ̀kẹ́ yín